Orin Tí Mọ́rìnọ́lá Kò Lè Dá

Bí Mọ́rìnọ́lá ará Yoko bá dá orin níbi òkú ní Sakété tàbí níbi ìsọmọlórúkọ ní Pobè, ẹni tó ń jẹun á gbàgbé òkèlè lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò mọ ìgbà tó yẹ kí ó dákẹ́. A fẹ́ràn rẹ̀, a ò sì ní tìtorí ìyẹn purọ́.

Gaël àbúrò rẹ̀ ló ń di bídọ̀n ẹsáǹsì, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì epo ọkọ̀, mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù láti ẹnubodè wá sí ìlú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó ṣubú lọ́nà, iná sọ, Gaël sì jóná kú. Mọ́rìnọ́lá sunkún títí, ó wá fi ẹkún náà ṣe orin:

Iná ò bi ọmọ pé ta ni bàbá rẹ̀.
Ìyá Gaël ń pè é, Gaël ò jẹ́.
Ẹ̀yin ìyá, ẹ tú bídọ̀n lẹ́yìn ọmọ yín.

Ibo ló ti kọ́kọ́ kọ ọ́? Níbi ìṣílé Pacôme ni, ọlọ́jà ẹsáǹsì tó pè é wá sí Sakété pé kó wá ki òun. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Tirẹ̀ ò yọ nǹkan kan lápò Pacôme lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin náà ní ẹnikẹ́ni tó bá tún pe obìnrin yìí sóde, kó má pe òun mọ́. Láti ìgbà náà, kò sí olówó tó tún pè é. Ó padà sídìí gààrí dídín, ó ń bá àwọn elégbè rẹ̀ kọrin ní Yoko.

Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ kú. Ní ilé wọn, ọmọ olóòkú kì í dá orin níbi òkú ìyá rẹ̀. Ará òde ni í bá a dá a. Ta ni yóò wá? Àwọn elégbè mọ gbígbè, wọn ò mọ dídá. Obìnrin tó ti fi orin sin òkú gbogbo ayé, ìyá tirẹ̀ ló fẹ́ wọlẹ̀ láìlórin. Ó dùn ún dé egungun.

Wọ́n ti gbé pósí dé etí sàréè, kò sí ẹni tó dá orin, nígbà tí ọkọ̀ kan dúró. Elvire, ìyàwó Pacôme, ló sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì, Hermann àti àbúrò rẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé ìjà dé. Elvire lọ dúró ti pósí, ó sì dá orin Gaël.

Ohùn rẹ̀ há, ó sì ń ṣìnà. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan tí kò mọ̀. Mọ́rìnọ́lá, tí kì í dárí ji elégbè tó bá ṣi ohùn, kò bá a tún ohùn ṣe. Ó la ẹnu, ó gbe orin ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó di Elvire lọ́wọ́ mú. "Ẹ ṣeun, Ìyá Hermann. Ẹ bá mi sin ìyá mi."

"Èmi ni mo wá dúpẹ́," ni Elvire wí. "Bàbá wọn ti ra alùpùpù tí àwọn ọmọ yìí fẹ́ máa fi gbé ẹsáǹsì, kí ẹ tó wá kọrin yẹn nílé wa. Ó ní a ò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ níbẹ̀ mọ́. Mò ń kọ ọ́ fún wọn ní kíṣìnnì. Wọn ò gun alùpùpù náà."

Ó yíjú sí etí sàréè, níbi tí Hermann àti àbúrò rẹ̀ ti bọ́ ẹ̀wù, tí wọ́n ń bá àwọn ará Yoko da yẹ̀pẹ̀ bo ìyá Gaël.

"Ẹ wò wọ́n," ó ní. "Àwọn méjèèjì ló pé."