Bí Royce Farnham Ṣe Bẹ̀bẹ̀ Pé Kí Wọ́n Má Tún Ìbọn Òun Ṣe Tán

Inú ilé ìfìwéránṣẹ́ abúlé wa, lápá òkè ìpínlẹ̀ Vermont nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni mo ti kọ́kọ́ pàdé olóògbé Royce Farnham. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ni, láti wá máa ṣe olùkọ́. Ọkùnrin gíga kan dúró níwájú mi, ó gbá páálí gígùn kan mọ́ àyà. Wọ́n ya igi Kérésìmesì àti àwọn ọmọdé tó ń rẹ́rìn-ín sára páálí náà.

Mavis tó ń gba ẹrù bi í pé, “Bàbá Farnham, kí ló wà nínú ẹ̀?”

“Ìbọn ọdẹ mi ni. Ó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é. Wọ́n ní àwọn á máa tún un ṣe fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ títí ayé mi, mi ò sì tíì kú.”

“Ó dáa, òfin gbà yín láyè. Àmọ́ ẹ rọra sọ̀rọ̀. A kì í jẹ́ kí àwọn èèyàn mọ ohun tó wà nínú irú páálí báyìí.”

Royce yíjú sí gbogbo àwa tá a wà lórí ìlà. “Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìbọn ni.”

Mavis mí kanlẹ̀. “Ṣé kò sí ọta nínú ẹ̀ ṣá?”

“Kò sí. Bó bá tiẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí mo bá dojú ìbọn kọ kọ́ ló yẹ kó sá. Ẹni tó dúró lápá òsì ẹ̀ ni.”

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá pa àgbọ̀nrín lóṣù kọkànlá, tó jẹ́ ìgbà ọdẹ, á gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù Clayton Bisbee. Clayton á gbé ẹran náà kọ́ sórí ìwọ̀n níta, á sì kọ orúkọ ẹni tó pa á sára pátákó. Ó ti pẹ́ gan-an tí orúkọ Royce ti wà níbẹ̀ kẹ́yìn. Ìtàn nìkan ló ní. Akọ àgbọ̀nrín ńlá kan ti dúró síwájú rẹ̀ rí nínú igbó, ó yìnbọn, ọta sì gba apá òsì lọ. Ọdún tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ìwo ẹran náà yọ ẹ̀ka mẹ́jọ. Nígbà tí mo fi dé, ó ti di mẹ́rìnlá. Clayton ní ká ṣàánú ọrùn ẹran náà.

Clayton yìí ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Ó sọ fún un níwájú gbogbo àwọn tó jókòó yí sítóòfù tó ń mú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gbóná ká pé, “Royce, ìbọn kọ́ ló tàsé, ìwọ ni.”

“Ìbọn ni. Ó ń fà sósì.”

“Fi ránṣẹ́ sáwọn tó ṣe é nígbà náà. Bí wọ́n bá ní kò sóhun tó ṣe é, wàá dìde lórí àga yẹn, wàá sì jẹ́wọ́ fún gbogbo wa pé ìwọ lo tàsé.”

Ọkùnrin tó níyì kò lè sá fún irú ọ̀rọ̀ yẹn. Royce lọ sílé, ó tú igi Kérésìmesì kúrò nínú páálí rẹ̀, ó sì fi aṣọ òtútù tí ìyàwó rẹ̀, Lorraine, ń wọ̀ sábẹ́ wé ìbọn náà.

Lorraine ní, “Bàbá yìí, ṣé aṣọ abẹ́ mi lo fẹ́ lọ fi han gbogbo ilé iṣẹ́ yẹn?”

“Ó mọ́ tónítóní. Wọ́n á rí i pé ilé gidi ni mo ti wá.”

Royce kò gbà kí tẹlifóònù wọ ilé rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀ mọ ibi tí sítóòfù Clayton wà. Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù ló fún ilé iṣẹ́ náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì pè é sí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Clayton sáré tẹ bọ́tìnnì tí gbogbo wa á fi lè gbọ́.

Obìnrin kan ní, “Ọ̀gbẹ́ni Farnham, ẹ kú ọ̀sán, sà. Àwọn oníṣẹ́ wa ti yin ìbọn yín wò.”

Royce ṣí fìlà. Kò sẹ́ni tó mu kọfí mọ́.

“Òótọ́ lẹ sọ. Ọ̀pá ẹ̀ ò tọ́ láti ọjọ́ tá a ti ṣe é. Ó ń fà sósì. Ẹ má bínú, sà.”

Royce wo Clayton. Clayton wo sítóòfù.

“A máa fi ọ̀pá tuntun sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Kò ní tàsé mọ́.”

A rí i tí ẹ̀rín kúrò lójú Royce díẹ̀díẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé òun ò ní rí ìbọn di ẹ̀bi rù mọ́ ni.

Ó ní, “Màdáámù, ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́. Ṣé ẹ ò lè fi díẹ̀ sílẹ̀?”

“Díẹ̀ nínú kí ni, sà?”

“Nínú fífà sósì yẹn. Ìdajì ẹ̀ tó mi.”

“Sà, a ò lè mọ̀ọ́mọ̀ fi ìbọn tó wọ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà.”

“Ìdámẹ́rin ńkọ́? Ṣebí ẹ ti fi odindi ránṣẹ́ sí mi nígbà kan.”

“Rárá, sà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká ṣe sí àwọn aṣọ abẹ́ obìnrin yìí?”

Clayton ní láti jáde síta lọ rẹ́rìn-ín.

Ìbọn náà padà dé kí ìgbà ọdẹ tó bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ìró ìbọn kan ṣoṣo dún lórí òkè, kò sì pẹ́ tí Royce fi gbé akọ àgbọ̀nrín kékeré kan wá sórí ìwọ̀n. Clayton kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó. Gbogbo wa fa àga súnmọ́ sítóòfù.

“Ó yá, sọ ọ́ fún wa.”

Royce ní, “Ó jáde. Mo yìn ín. Ó ṣubú.”

Kò sí nǹkan mìíràn. Ó la ẹnu láti fi ẹ̀ka kan kún ìwo ẹran náà, àmọ́ gbogbo wa ń rí ẹran náà látojú fèrèsé. Ó wá jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé.

Clayton wúkọ́. “Royce, sọ tàkọ́kọ́ yẹn.”

“Èwo?”

“Èyí tó sá lọ.”

Royce tún ara ṣe lórí àga. “Ẹ ṣáà rántí pé ìyẹn ṣẹlẹ̀ káwọn èèyàn yẹn tó fi àtúnṣe ba ìbọn mi jẹ́ ni o.”

Ìwo ẹran náà di ẹ̀ka mẹ́rìndínlógún lọ́jọ́ yẹn. Clayton bu kọfí sí i fún un, kò sì bá a jiyàn.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, inú òtútù oṣù kejì ni Royce kú, ilẹ̀ ti dì gbagidi débi pé kò ṣeé gbẹ́, oṣù karùn-ún la tó rí i sin. Lẹ́yìn ìsìnkú, Clayton dìde nínú ṣọ́ọ̀bù láti sọ ìtàn náà. Ó ní ìwo ẹran náà yọ ẹ̀ka mẹ́rìnlá, gbogbo ilé sì pariwo lé e lórí pé mọ́kàndínlógún ni. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Lorraine, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lorraine rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti yọ awò ojú rẹ̀ kó lè nu omijé.

Itẹ́ òkú tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì funfun ni Royce wà báyìí, ní ìlà kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àti bàbá rẹ̀.