Ohùn Àṣàkẹ́ Alákàsà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé rédíò, igbá àkàsà wà lórí mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àkàsà, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ẹ̀kọ, ni mò ń kiri ní Akpakpa láti kékeré. Tíṣà Lámídì, olùkọ́ kan tó ń kọ eré fún rédíò, ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá nígbà tí mo figbe ta pé, "Àkàsà rèé o! Ó gbóná fẹlifẹli!" Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ nìyẹn.

"Ìwọ, kí lorúkọ ẹ?"

"Sàfúrátù. Sàfú ni wọ́n ń pè mí. Mélòó lẹ fẹ́ rà?"

"Gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n wàá bá mi gbé e dé ilé rédíò."

Mo rò pé ebi ń pa wọ́n níbẹ̀ ni. Àṣé ohùn mi ni Tíṣà fẹ́ rà.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà náà. Faransé ló kún inú rédíò, ìwọ̀nba àkókò díẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún èdè àwa Nàgó tí mo ń sọ yìí. Tíṣà máa ń sọ pé bí òmìnira bá jẹ́ òótọ́, ó yẹ kí àwọn ìyá wa gbọ́ eré ní èdè tí wọ́n fi ń lá àlá. Ló bá kọ Ilé Etí Ọ̀sà, tí a ń ṣe ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé: ìtàn ìyàwó tuntun kan tó wọ ilé tí ẹbọra inú ọ̀sà ti máa ń kanlẹ̀kùn. Èmi ni Àṣàkẹ́ alákàsà. Kí n polówó, kí n kí ìyàwó, kí n máa lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Míkírò, ẹ̀rọ tí à ń sọ̀rọ̀ sí, kan ṣoṣo ni gbogbo wa máa ń yí ká. A kì í gba ohùn sílẹ̀, ohun tó bá ti jáde lẹ́nu ti dé etí ayé. Omi inú ọpọ́n ni ọ̀sà wa, ewé àkàsà tí mo bá tú níwájú míkírò ni gbogbo ọjà. Òfin kan sì wà tí Tíṣà kì í fi ṣeré: rédíò kò gbọdọ̀ dákẹ́.

"Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù lẹ́nu yín, ẹ wúkọ́, ẹ pe Ọlọ́run, ẹ ṣe ohunkóhun," ni yóò wí. "Ẹni tó bá gbọ́ ìdákẹ́, á rò pé ẹ̀rọ òun ti bàjẹ́."

Àfi bí ọ̀rọ̀ ṣe sọnù lẹ́nu tèmi lọ́jọ́ kan lóòótọ́! Ìyàwó ní, "Àṣàkẹ́, ẹ̀rù ń bà mí." Mo wá ìdáhùn títí, kò sí. Mo bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín láti ìsàlẹ̀ ikùn, irú èyí tí ìyá mi máa ń sọ pé kò yẹ ọmọbìnrin. Ẹ̀rù ló mú mi rẹ́rìn-ín, àmọ́ létí àwọn èèyàn, obìnrin tí kò bẹ̀rù ẹbọra ni. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń béèrè Àṣàkẹ́. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lọ́rọ̀ sí i. Àṣàkẹ́ ń bá ìyàwó jókòó bí ilẹ̀ bá ń ṣú. Àṣàkẹ́ fi omorogùn àkàsà lé ẹbọra padà sínú omi. Ẹni tó ń ṣe ìyàwó gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í fojú ìlara wò mí.

Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn olùgbọ́ wá ń ṣàkíyèsí. Kí ló dé tí Àṣàkẹ́ kì í dárúkọ ilé bàbá rẹ̀? Kí ló dé tó ń sá pamọ́ bí ọkọ̀ Kétu bá ń bọ̀? Àkúdàáyà ni! Ẹni tó kú sí ìlú rẹ̀, tó wá ń gbé ìlú mìíràn bí alààyè, tó ń tajà, tó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ̀ ọ́n rí bá fojú kàn án péré, ó parí. Á pòórá.

Ha! Wàhálà dé. Kò sẹ́ni tó pè mí ní Sàfú mọ́. Ọkọ mi á ti iyàrá kígbe, "Àṣàkẹ́, omi ìwẹ̀ mi dà?" Obìnrin kan fi ìka tẹ̀ mí lápá nínú ọkọ̀ kó lè mọ̀ bóyá ẹran ara ni. Alùfáà àdúgbò wa wàásù pé kò sí ohun tó ń jẹ́ àkúdàáyà, nígbà tó parí ló fà mí sẹ́yìn: "Sátidé tó ń bọ̀, ṣé àwọn ará ìlú Àṣàkẹ́ ò ní rí i?"

Ìrọ̀lẹ́ kan báyìí ni Baba Dòsú, ọkùnrin Ègùn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé rédíò, gbé abọ́ kan tọ̀ mí wá. Èkuru ni, ata dídín sì wà lórí rẹ̀.

"Ìyá kan ló ní kí n fún ọ," ló wí. "Ó wà lábẹ́ igi mángòrò níta. Ó kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí n má jẹ́ kí o jáde wá."

Lọ́sẹ̀ kejì, ìyá náà tún wá. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́, mo jáde. Bó ṣe gbọ́ ìró bàtà mi, ó fi gèlè bojú.

"Dúró níbẹ̀! Àlímọ̀, má jẹ́ kí n rí ọ, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́!"

Mo jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀, àwa méjèèjì kẹ̀yìn síra. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé Pobè lòun ti wá, pé òun ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò òun ní Agblangandan, pé Àlímọ̀ nìkan lòun bí. Òun lọ ra ẹja ní Sèmè nígbà tí àìsàn gbé ọmọ náà dè. Wọ́n ti sin ín kí òun tó dé.

"Ọmọ tí mo kọ́ pé kò gbọdọ̀ jáde nílé láì sọ pé 'Ìyá, mò ń lọ o,'" ló wí. "Kò sọ fún mi. Mo wá gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nínú rédíò. Mo ní, àṣé ibí lo wà."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́. Sàfú ni mí, ọmọ Ṣakété. Ìyá tó bí mi wà láàyè."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ohun tí wọ́n máa ń sọ náà nìyẹn. Mi ò ní wò ọ́. Máa jẹun dáadáa."

Bí mo bá ń sẹ́, ó túbọ̀ ń gbà gbọ́. Bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ yẹn gan-an ni Tíṣà pín eré Sátidé tó ń bọ̀ fún wa. Ẹ̀gbọ́n Àṣàkẹ́ á wa ọkọ̀ wá láti Kétu, á rí i, Àṣàkẹ́ á pòórá láì sọ ọ̀rọ̀ kan. Igbá rẹ̀ nìkan la ó gbọ́ tó máa ṣubú.

Mo kúnlẹ̀ bẹ Tíṣà. Mo ròyìn ìyá yẹn fún un.

"Gbọ́ ná," ló wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, "ṣé kó máa jókòó sídìí igi yẹn títí ló dára? Òkú gbọ́dọ̀ lọ."

Ó dùn mí. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ni mo fi ń rò ó. Bí Àṣàkẹ́ bá pòórá láì sọ nǹkan kan, ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí ọmọ ìyá yìí máa lọ láì dágbére.

Ọjọ́ pé. Baba Dòsú gbé rédíò rẹ̀ síta fún Ìyá Àlímọ̀ bó ti máa ń ṣe. Nínú ilé, ẹni tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ tirẹ̀: "Àṣàkẹ́? Ṣé ìwọ kọ́ la sin?" Ó yẹ kí igbá ṣubú. Mo di igbá mú. Mo sún mọ́ míkírò.

"Ìyá mi," ni mo wí, "ẹ máà bínú pé mi ò dúró dè yín. Ẹ dìde kúrò lábẹ́ igi. Ẹ lọ jẹun. Ìyá mi, mò ń lọ o."

Mo wá dákẹ́.

Ẹ̀yìn gíláàsì ni Tíṣà wà, ó ń ju apá bí ẹni tí oyin ń lé. Ìyàwó la ẹnu, mo fọwọ́ bò ó. Ta ní í sọ pé òun ń lọ tí kì í dúró gbọ́ èsì? Mo dúró dè é. Lẹ́yìn náà ni mo jẹ́ kí igbá bọ́.

Baba Dòsú ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níta fún wa. Ìyá náà dìde dúró níwájú rédíò, ó ní, "Máa lọ, ọmọ mi. O ó lọ ire." Òun nìkan kọ́ o. Ní Akpakpa, ní Agblangandan, àwọn abiyamọ tó mọ irú rẹ̀ lára dáhùn nídìí rédíò wọn. Wọ́n ń sọ ọ́ fún mi lọ́jà fún ìgbà pípẹ́.

"Ta ló ní kí o dákẹ́?" ni Tíṣà ń sọ bó ṣe jáde, àmọ́ ó ń nu ojú.

Mo sáré bọ́ síta. Ìyá Àlímọ̀ ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kò bojú. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún wò mí. Mi ò pòórá.

"O ò tiẹ̀ jọ ọ́," ló wí.

"Mo sọ fún yín, Ìyá."

"O sọ ọ́." Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ó ti lọ. Ó sọ fún mi kó tó lọ." Ó ṣí abọ́ èkuru. "Kí lo ní orúkọ ẹ ń jẹ́?"

"Sàfú ni, Ìyá."

"Sàfú, wá jẹun."

Mo pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ eré, títí dórí tẹlifíṣọ̀n, síbẹ̀ Àṣàkẹ́ ni gbogbo ayé ń pè mí, àní àwọn ọmọ-ọmọ mi. Ilé kan ṣoṣo ní Agblangandan ni mo ti ń jẹ́ Sàfú, mo sì ń lọ síbẹ̀ jẹ èkuru títí Ìyá fi darúgbó kùjọ́kùjọ́. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ ní òwúrọ̀ tó ṣíjú wò mí kẹ́yìn.

"Sàfú," ló wí, "mò ń lọ o."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ máa lọ, Ìyá mi. Ẹ ó lọ ire."