Orúnkún Daw Tin Nyo

Ogójì ọdún gbáko ni Daw Tin Nyo fi jókòó nídìí òfì, tó ń hun aṣọ ṣẹ́dà nílùú Amarapura. Ẹ má sọ fún un pé kò mọ ìjókòó. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tó dé ibùdó àṣàrò lórí òkè Sagaing, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni orúnkún ọ̀tún rẹ̀ fi gbà fún un. Àwọn ọmọge jókòó jẹ́jẹ́ níwájú rẹ̀, òun ń yí síbí yí sọ́hùn-ún bí ẹni tí èèrà wọ̀ láṣọ.

Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ọkàn rẹ̀ kò rójú. Ọjọ́ mẹ́wàá ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àṣàrò máa ń lò níbẹ̀, wọ́n á sì padà sílé. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, àyè obìnrin kan ṣoṣo ṣẹ́kù láti dúró ṣàṣàrò fún oṣù mẹ́ta òjò, Sayadaw, àgbà mọ́ǹkì, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn tó ń darí ibẹ̀, ló sì máa yan ẹni tó máa gbà á. Àyè yẹn ni Tin Nyo ń wá lójú méjèèjì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, Daw Nwe Yi, tó ń ta ewé tíì kíkan tí wọ́n máa ń jẹ, lẹ́bàá adágún ìlú wọn, ní òun máa sìn ín lọ, kí àwọn jọ ṣe é.

Sayadaw kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa jókòó. Kí ẹsẹ̀ kan wà níwájú èkejì, kí wọ́n má gbé e léra. Kí ẹ̀yìn tọ́, ṣùgbọ́n kó má gan. Kí ọwọ́ sinmi lórí itan, kí ojú dì, kí ọkàn sì wà lára ikùn: tó bá gòkè, kí wọ́n sọ nínú ara wọn pé ó ń gòkè, tó bá wálẹ̀, pé ó ń wálẹ̀. Bí ọkàn bá sá lọ sílé, kí wọ́n pe ìrònú ní ìrònú, kí wọ́n padà sídìí ikùn. Bí nǹkan bá dùn wọ́n, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ìrora náà dáadáa kí wọ́n tó yí ẹsẹ̀ padà. Òfin kan wá wà tó le ju ìjókòó lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Sayadaw nìkan ni wọ́n lè sọ ohun tí wọ́n rí fún, láràárọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá rú òfin yìí máa di ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ kẹfà, Tin Nyo tẹjú ọkàn mọ́ orúnkún rẹ̀ títí ìrora náà fi já sí wẹ́wẹ́. Láti òkèèrè, bí aṣọ ni ìrora náà rí. Nígbà tó sún mọ́ ọn, ó di òwú, òwú, àti àlàfo láàárín wọn. Nínú àlàfo yẹn, kò sí ohun tó ń dùn ún. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́sàn-án, Nwe Yi fà á sẹ́yìn ìkòkò omi. Ó ń sunkún. Ó ní oorun nìkan lòun ń sùn, pé Sayadaw máa tó lé òun, ojú á sì ti òun ládùúgbò.

“Tin Nyo, ṣàánú mi. Kí lo rí tójú ẹ ń dán báyìí? Sọ ọ́ fún mi, kémi náà lè gbìyànjú. Ta ló máa gbọ́?”

Àánú ṣe é. Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan àlàfo.

Láàárọ̀ ọjọ́ keje, Nwe Yi ló kọ́kọ́ wọlé sọ́dọ̀ Sayadaw. Nígbà tó kan Tin Nyo, tó sì sọ tirẹ̀ tán, bàbá náà mirí.

“Ìyá, ẹnì kan ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi láàárọ̀ yìí, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ohun tí ẹ fúnra yín bá rí ni kẹ́ ẹ máa sọ.”

Bó bá jẹ́wọ́ pé òun ló sọ ọ́ fún Nwe Yi, ilé ni. Bó bá dákẹ́, olè ni lójú Sayadaw. Ó dákẹ́. Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n fún Nwe Yi láyè náà, Tin Nyo di ẹrù rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń tún aṣọ èjìká ṣe, kò gbójú sókè. Àádọ́ta ọdún ni wọ́n ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Ó dun Tin Nyo dọ́kàn, ó dùn ún ju orúnkún lọ.

Lẹ́yìn òjò, àdúgbò ní kí Nwe Yi máa kọ́ àwọn obìnrin ní àṣàrò. Ahunṣọ ló pọ̀ jù nínú wọn. Tin Nyo náà lọ, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Mi ò ní purọ́, Nwe Yi kọ́ wọn ní ìjókòó dáadáa. Ó wá dórí ìrora. Ó ní aṣọ ni ìrora, pé tí wọ́n bá sún mọ́ ọn, òwú ni wọ́n máa rí.

Ahunṣọ kan níwájú, Ma Khin San, nawọ́. “Àǹtí, òwú wo? Èyí tá a ta sórí òfì ni, àbí èyí tí ọkọ̀ ìhunṣọ ń gbé kọjá? Orúnkún ń dùn mí báyìí o. Ibo ni kí n wò?”

Nwe Yi wúkọ́. Kò fọwọ́ kan òfì rí láyé rẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sábẹ́ ọwọ́. Ojú rẹ̀ ń wá kiri títí ó fi rí Tin Nyo, ojú kan náà tó fi bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìkòkò omi.

“Tin Nyo, ọ̀rẹ́ mi, bá mi ṣàlàyé fún wọn.”

Gbogbo orí yí sẹ́yìn. Tin Nyo mọ̀ ọ́n: kì í ṣe òwú kankan, àlàfo ni. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì, ó na ẹ̀yìn, ó di ojú. Nwe Yi pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ikùn rẹ̀ gòkè, ó wálẹ̀. Ìbínú, ìbínú, ló ń sọ nínú ara rẹ̀, kò sì la ẹnu.