Ìkarahun Ìṣáwùrú Lẹ́nu Ọ̀nà Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣì lè sáré láti ilé wa ní Woji dé etí omi kí itọ́ tí mo tu sílẹ̀ tó gbẹ, òjò Port Harcourt kì í ṣe irú èyí tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní òjò. Bó bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó lè di Sátidé kó tó rántí pé òun náà ní ilé. Ẹ̀fọn ibẹ̀ tóbi débi pé wọ́n máa ń kanlẹ̀kùn kí wọ́n tó wọlé. Mo fojú ara mi rí ẹja tó wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ wa fúnra rẹ̀. Ìyá mi ní irọ́ ni, pé òun ló rà á lọ́jà. Ẹ mú èyí tó bá wù yín nínú ìwọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí, ẹ gbà á bó ṣe rí, nítorí mi ò fi iyọ̀ sí i.

Ogun abẹ́lé ti parí nígbà náà, àwọn èèyàn ń padà sílùú díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi tó kó wa wá láti ilẹ̀ Yorùbá ti kú, ó ku èmi àti ìyá mi nínú yàrá kan, nínú ọgbà tí yàrá mẹ́wàá ti kọjú síra wọn. Àkàrà ni ìyá mi ń dín lẹ́nu ọ̀nà. Àwa Yorùbá tó wà ládùúgbò náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n a ní ìjọ kékeré kan tó ń pàdé nínú yàrá télọ̀ kan. Télọ̀ yìí náà ni oníwàásù wa, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló sì ń gbé Bíbélì lé bó bá ń wàásù. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wọ̀ ọ́ lára, ẹsẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹ̀rọ náà, abẹ́rẹ́ á máa lọ sókè sódò lórí òfo.

Nínú ọgbà wa yìí ni obìnrin Yorùbá kan ń gbé, tó fẹ́ ọmọ ìlú ibẹ̀. Ìṣáwùrú ló ń tà, ìgbín kéékèèké tí wọ́n ń ṣà nínú ẹrẹ̀ etí odò. Á sè é láàárọ̀, á fi abẹ́rẹ́ yọ ẹran rẹ̀, ìkarahun á wá kù sílẹ̀ bí òkìtì. Ìyá Oníṣáwùrú la ń pè é. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, ó sì ti fi ọkàn sí i pé bí ìjọ bá máa yan ìyá ìjọ, òun ni wọ́n máa yàn. Ìyá mi ni wọ́n yàn. Ìyá mi tí kò lè kọrin! Bó bá dá orin, ewúrẹ́ tó bá ń sùn á dìde.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀, Ìyá Oníṣáwùrú dìde láàárín ìjọ, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Alákàrà ti di ìyá Síónì." Ó bá jáde, kò sì padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìkarahun ìṣáwùrú kún ẹnu ọ̀nà wa. Ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó di ojoojúmọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ìkarahun yìí, ó ń gé èèyàn lẹ́sẹ̀ bí abẹ, bí oòrùn bá sì pa á, òórùn rẹ̀ lè mú kí òkú dìde lọ wẹ̀. Àwọn tó ń ra àkàrà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ dímú kọjá lọ. Bí ìyá mi bá kí Ìyá Oníṣáwùrú pé, "Ẹ káàárọ̀ o, ìyá wa," Pidgin ni á fi dá a lóhùn, bí ẹni pé kò gbọ́ Yorùbá rí láyé: "Who be your mama?"

Ìyá mi kì í fèsì. Á mú ìgbálẹ̀, á gbá a jọ sínú abọ́ ńlá, á gbé e lọ dànù. Àwọn ará ọgbà ń yìn ín pé ó ní sùúrù. Èmi tí mo ń bá a sùn lórí ẹní kan náà mọ̀ pé kì í ṣe sùúrù. Mo gbọ́ àdúrà rẹ̀. Ó ní, "Olúwa, gbà mí lọ́wọ́ obìnrin yìí. Bí o kò bá sì ní gbà mí, yára gba òun lọ́wọ́ mi."

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí ìjọ wa lọ bẹ bàbá onílẹ̀ kan fún ilẹ̀ tí a máa kọ́ ilé ìsìn sí. Àgbà ọmọ Ikwerre, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ ibẹ̀, ni bàbá yìí, aláwàdà pọ́ńbélé, ó sì fẹ́ràn àkàrà ìyá mi. Ó ní ilẹ̀ kan lẹ́yìn ọgbà wa, akúrò gidi, ẹrẹ̀ ibẹ̀ mu èèyàn dé orúnkún. Ó ní òun fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n òun máa wá lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú Kérésìmesì, òun máa wọ bàtà kánfáàsì funfun, òun á sì rìn ín láti igun dé igun. "If mud touch my canvas, I carry my land go. Fish people dey beg me for am." Àwọn tó ń yan ẹja ń fẹ́ ilẹ̀ náà lóòótọ́, iná ni wọ́n fẹ́ máa dá síbẹ̀. Ta ló wá ní owó ọkọ̀ yanrìn tí a máa fi dí ẹrẹ̀ náà nínú àwa? Télọ̀ gbàwẹ̀ títí ṣòkòtò rẹ̀ fi ń já bọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi ru ìkarahun rẹ̀ lọ dànù bó ti máa ń ṣe. Inú ń bí i, kò lè rìn jìnnà, ó dà á sí etí akúrò náà, ó sì gun orí rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Kò rì. Ó fò sókè, ó tún balẹ̀. Kò rì. Àwọn ará etí omi ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́tipẹ́, ìkarahun ni wọ́n fi ń dí ẹrẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé lé e. Àwa àlejò ni ojú wa ò tó ibẹ̀. Ìyá mi dúró pẹ́ lórí ìkarahun yẹn, lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín wálé.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹrù ìyà di ẹrù iṣẹ́. Àwọn obìnrin ìjọ á pé láàárọ̀, wọ́n á kó o, wọ́n á lọ dà á síbẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ijó. Àdúrà ìyá mi náà yí padà. Ó ní, "Olúwa, jẹ́ kí ọjà rẹ̀ tà." Nítorí bí ìṣáwùrú bá ṣe tà tó ni ìkarahun á ṣe pọ̀ tó! Àwàdà la kọ́kọ́ fi í ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ dán an wò: èèyàn ò lè máa gbàdúrà fún ọjà ẹnì kan lójoojúmọ́ kó sì máa bá a ṣọ̀tá lọ títí. Nígbà tó fi di oṣù kejì, mo gbọ́ tí ìyá mi ń dárúkọ àwọn ọmọ Ìyá Oníṣáwùrú níkọ̀ọ̀kan, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ikọ́ tó ń ṣe àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó sì ń sùn.

Ìyàwó télọ̀ ló ba nǹkan jẹ́. Ẹnu rẹ̀ kò ní ìdérí. Ó pàdé Ìyá Oníṣáwùrú lójú ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o! Ẹ̀yin lẹ kúkú ń bá wa kọ́lé." Ní ọjọ́ kejì, ẹnu ọ̀nà wa mọ́ tónítóní. Kò sí ẹyọ ìkarahun kan. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí bàbá onílẹ̀ dé, igun kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì gbẹ, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ẹní mẹ́rin lọ. Ẹ ò rí ayé? Wọ́n dẹ́kun fífi ìyà jẹ wá, gbogbo ìjọ fajú ro.

Èmi bá gbọ́n ọgbọ́n tèmi. Mo lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò obìnrin náà, mo ń bá ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀ sókè pé ilẹ̀ wa ti kún, pé màmá mi ti ń sanra látìgbà tí òórùn yẹn ti lọ, pé ohun kan ṣoṣo tó ń bà á lẹ́rù ni kí ìkarahun yẹn má tún padà wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òkìtì tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa ga débi pé ojú fèrèsé ni mo gbà jáde. Ó dáa, ó dé orúnkún mi. Ọjọ́ mẹ́ta irú rẹ̀, igun náà á kún. Mo wú bí àkàrà nínú epo. Mo sọ ọgbọ́n mi fún ìyá mi, mo ń retí ẹran.

Ó gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Irọ́ lo fẹ́ fi kún ilẹ̀ Ọlọ́run?"

Mo ní, "Màámi, kì í ṣe irọ́ púpọ̀."

Kò nà mí. Ó fà mí lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Oníṣáwùrú, ó ní kí n kúnlẹ̀. Òun náà kúnlẹ̀. Ó ní, "Ìyá wa, ọmọ mi tàn yín ni. Ilẹ̀ náà kò tíì kún, igun kan ló kù. Ìkarahun yín la fẹ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dá a dúró, tiyín ni. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ ń ṣe fún mi láti oṣù mẹ́ta kò dáa, ó dùn mí, ẹ sì mọ̀ pé ó dùn mí. Mo ti dárí jì yín. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn."

"You no get sense," ni obìnrin náà sọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Télọ̀ káwọ́ lérí nígbà tó gbọ́. "Ìyá ìjọ, ẹ ò kúkú dákẹ́!" Ìyá mi ní, "Mo ti dákẹ́ tó."

Ìkarahun kò wá mọ́. Sátidé pé. Bàbá onílẹ̀ dé nínú kánfáàsì tó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ó rin igun kìíní, ìkarahun ń ké rúmúrúmú lábẹ́ bàtà rẹ̀, kò rì. Igun kejì, kò rì. Igun kẹta. Bó ti kọjú sí ìkẹrin, ìyá mi sáré síwájú rẹ̀. "Bàbá, no go there. E never dry." Mo fẹ́ kí ilẹ̀ gbé mi mì.

Bàbá náà dúró, ó ń wo ìyá mi. Ibẹ̀ ni a ti gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn wa. Ìyá Oníṣáwùrú ló ń bọ̀, abọ́ ńlá lórí, ọmọbìnrin rẹ̀ méjì tẹ̀ lé e, abọ́ ńlá lórí wọn. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó dé igun náà, ó da tirẹ̀, gbàràrà! Ó gba ti ọmọ rẹ̀ kìíní, ó dà á. Ó gba ti ìkejì. Wọ́n padà lọ, wọ́n tún kó òmíràn dé. Ìkarahun ọjọ́ méjìlá ló kó pamọ́. Ó wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Madam, you don join dem church?" ni bàbá onílẹ̀ bi í.

"Church ke! Na dirty I dey throw. Person no fit throw dirty again for this Woji?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ funfun rẹ̀ lé igun kẹrin. Kò rì.

Ilẹ̀ di tiwa. Ìyá Oníṣáwùrú kò wọ inú ilé ìsìn náà fún ọdún púpọ̀. Ìta ló máa ń gbé àpótí rẹ̀ sí, lábẹ́ fèrèsé, á ní afẹ́fẹ́ lòun ń gbà, ohùn rẹ̀ á sì bo ti gbogbo àwa tó wà nínú mọ́lẹ̀. Ìyá mi fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò fi ipá fà á wọlé.

Ayé ti yí. Wọ́n ti fi páìpù fa yanrìn bo gbogbo akúrò Woji, ilé alájà ló kún ibẹ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ ọ́ nínú ìjọ lónìí, Sunday tó ń bọ̀ ni wàá dá ìjọ tìrẹ sílẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn méjì. Mi ò ní kí ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fìyà jẹ yín kẹ́ ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Ìyá mi sọ ọ́ lójú obìnrin yẹn pé kò dáa. Ṣùgbọ́n ó ti gbàdúrà fún un kó tó sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi wọlé.

Oyè pàápàá ti pọ̀ jù nínú ìjọ báyìí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ ìwé ìtàn ìjọ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi, ó ní oyè wo ni kí òun kọ síwájú orúkọ ìyá mi. Mo ní kó kọ ọ́ pé: alákàrà, tó gbàdúrà fún ọjà ọ̀tá rẹ̀ títí kò fi ní ọ̀tá mọ́. Ó ní, "Bàbá, àyè ò ní gbà á." Mo béèrè bóyá orúkọ tèmi wà nínú ìwé náà. Ó ní ó wà. Mo ní kó yọ ọ́, kó fi àyè rẹ̀ kọ ti ìyá mi.