Èémí Ìyá Ìyàwó Mi

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ èémí ju bó ṣe yẹ lọ. N kò kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Inú ìwé àti orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ. Mo mọ̀ pé tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kánkán, ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni èémí máa ń yára sí i. Bí ìrìn náà kò bá yí padà, èémí á dúró sójú kan, ọ́síjìn tó ń wọlé á tó èyí tí iṣan ń lò. Mo sì mọ bí a ṣe ń dán an wò láìlo ẹ̀rọ: ẹni tó bá lè sọ̀rọ̀ bó ṣe ń rìn, ìrìn náà kò pọ̀ jù fún un.

Èyí ni mo fi kó ìyá ìyàwó mi sí wàhálà.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti wá kí wa ní Ìkòròdú. Tí wọ́n bá ti gun àtẹ̀gùn ilé wa, wọn a máa mí hẹlẹ. Mo ní àìrìn ló fà á, pé màá mú wọn rìn kánkán láàárọ̀. Ìyàwó mi ní kí n fi ìyá òun sílẹ̀.

"Jẹ́ kó mú mi lọ," ni Màmá wí. "Ṣé àna mi á ní ká rìn, kí n ní ẹsẹ̀ ń dùn mí?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, a gba ọ̀nà Itamaga. Àwọn obìnrin tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ń kí Màmá, Màmá sì ń dáhùn: "Ẹ kú àárọ̀ o. Ọjà á tà o. Àwọn ọmọ ńkọ́?" Inú mi ń dùn. Èémí ti dúró sójú kan nìyẹn! N kò fiyè sí i pé láàárín "ọjà" àti "á tà", wọ́n ti mí lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá tí wọ́n tọ́ dáadáa ní Ẹ̀pẹ́ kò ní gbọ́ ìkíni kó má dáhùn, èémí ì báà kù, ì báà tán.

"Ẹ yára díẹ̀ sí i, Màmá."

"Ó dáa, ọkọ mi."

Kò pẹ́ tí wọ́n fi jókòó lé bẹ́ǹṣì oníṣọ́ọ̀bù kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé sójà lẹ fẹ́ fi ìyá yín ṣe ni?" ni obìnrin náà wí. "Ẹ ò rí ètè wọn bó ṣe ń dúdú?"

A fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé wọn lọ sí ọsibítù. Nígbà tí ara wọn balẹ̀, nọ́ọ̀sì bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

"Mo ń yan ẹja ni. Kí n tó bí ìyàwó àna mi yìí ni mo ti bẹ̀rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ní èéfín ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń jẹ ẹja náà. Tí èéfín àgọ́ wọn bá mú mi húkọ́, etí ọ̀sà ni mo máa ń sá lọ, màá sì fi wọ́n sílẹ̀ nínú èéfín náà.

"Ta ló ní kí wọ́n máa rìn kánkán?" ni nọ́ọ̀sì bèèrè.

"Èmi ni," ni Màmá sọ kí n tó la ẹnu. "Ó tiẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n sinmi."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi dé, Màmá tún sọ ọ́ fún un. Kò gbà á gbọ́. Ó yíjú sí mi, ó ń retí kí n sọ̀rọ̀.

Mo bi nọ́ọ̀sì pé níbo la ti máa ra oògùn.