Òrìṣà tí Kì í Gba Epo

Òkúta kò wọ́n ní Dassa, nílẹ̀ Ìdáàṣà. Ẹni tó bá ń wá òkúta, kó kàn jókòó síbi tó wà, ó ti jókòó lé e lórí. Omi ló wọ́n. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí ètè gbogbo ìlú là, tí gìgísẹ̀ èèyàn ń sán bí ilẹ̀ oko, àwọn òkè ńláńlá tó yí ìlú ká á kàn dúró gbagidi bí àlejò tó ti jẹun yó tí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun máa lọ. Wọn ò ní ẹ̀kán omi kan tí wọ́n lè ta fún èèyàn. Àwọn obìnrin á gbé akèrègbè lọ sí ibi tí odò wà lọ́dún tó kọjá, wọ́n á fi ọwọ́ wa yanrìn títí, wọ́n á bu ohun tó pọ́n bí omi ìfọṣọ, wọ́n á sì máa dúpẹ́ bọ̀ nílé.

Àárín irú ìgbà bẹ́ẹ̀ gan-an ni Euphrasie máa ń gbin tòmátì.

Opó ni Euphrasie. Ignace, ọkọ rẹ̀, fi ilẹ̀ kékeré kan sílẹ̀ fún un ní ìsàlẹ̀ òkè, ilẹ̀ tí gbogbo ẹbí fi tìfẹ́tìfẹ́ gbà pé tirẹ̀ ni, nítorí pé kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí ahọ́n rẹ̀ kò gbé "Euphrasie", pè é ní Fíràsì títí tó fi kú, ó sì máa ń sọ pé orúkọ tó le báyẹn ló jẹ́ kí orí ìyàwó náà le. Orí rẹ̀ le lóòótọ́. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ìyókù bá ti gbé ọkọ́ kọ́ àjà, tí wọ́n ń dúró de òjò lábẹ́ igi, òun á máa káàkiri ilé àwọn amọ̀kòkò àti ẹ̀yìn ilé ìdáná, á máa tọrọ ìkòkò amọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá fẹ́ mọ́.

Ọgbọ́n ìyá rẹ̀ ni, láti abúlé Akofodjoulè. Á ri ìkòkò mọ́lẹ̀ dé ọrùn, á gbin tòmátì yí i ká, á rọ omi kún inú rẹ̀, á sì fi òkúta pẹlẹbẹ bo ẹnu rẹ̀ nítorí oòrùn àti nítorí ewúrẹ́. Amọ̀ a máa làágùn. Omi á máa rìn jẹ́jẹ́ láti ara ìkòkò sínú ilẹ̀, gbòǹgbò tòmátì á sì dì mọ́ ọn bí ọmọ tó rí ọmú. Omi tí ẹlòmíràn ì bá dà sílẹ̀, tí oòrùn ì bá mu tán kó tó yíjú padà, Euphrasie á fi tọ́jú ebè kan fún ọjọ́ púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló lè ba iṣẹ́ náà jẹ́, ìyẹn ni epo. Bí epo bá ti kan ìkòkò, ihò ara amọ̀ á dí, ìkòkò náà kò ní làágùn mọ́, tòmátì á sì kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi.

Tòmátì yìí ni Euphrasie fi ń jẹun láti ìgbà tí iṣu bá tán nínú àká títí iṣu tuntun á fi dé. Àmínátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, Mùsùlùmí tó ń tajà nínú ọjà Dassa, ló ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí tòmátì bá yè, ó jẹun. Bí kò bá yè, á di ẹni tí ń kí àwọn ẹbí ọkọ ní déédéé àkókò oúnjẹ, ó sì mọ̀ wọ́n dáadáa.

Ní ọdún kejì tí Dahomey gba òmìnira, ó ṣe àṣìṣe kan. Ẹ̀yìn òkúta ńlá kan ni oko náà wà tẹ́lẹ̀, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà. Lọ́dún yẹn, kòtò omi tó wà níbẹ̀ gbẹ, ó bá kó àwọn ìkòkò rẹ̀ wá sí apá ilẹ̀ náà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ọjà, kó lè sún mọ́ kànga ìlú tó ṣì ní omi. Ó rì wọ́n sílẹ̀ ní ìlà-ìlà, ó fi òkúta bò wọ́n, ó sì lọ sùn.

Ní ilẹ̀ Ìdáàṣà, ìkòkò tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dé ọrùn, tí wọ́n sì bò lórí, kì í ṣe ọ̀ràn eré. Èèyàn kì í bèèrè ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Á tẹ orí ba, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyẹn, bó bá jẹ́ ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n odindi oko! Ẹni tó bá ń lọ sọ́jà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn lè rò pé gbogbo òrìṣà agbègbè náà ló kóra jọ láti ṣèpàdé, tí èyí tó ti Aklampa tó jìnnà wá pàápàá sì tètè dé.

Martine ló kọ́kọ́ wá. Ìyàwó kékeré ni, ìyáálé rẹ̀, Blandine, sì ní ẹnu tí kì í sinmi àní nínú oorun. Euphrasie dé oko, ó bá a lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́, epo pupa sì léfòó nínú ìkòkò.

"Martine! Kí lo dà sínú ìkòkò mi?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Díẹ̀ ló kù nílé. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ pé màá mú púpọ̀ wá."

"Kí n bẹ ta ni?"

"Òun." Martine fi ẹnu júwe ìkòkò.

"Martine, ìkòkò nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá." Ó ṣẹ́jú sí i. "Ìkòkò ni. Mi ò ní sọ fún ẹnì kankan."

Kò tíì dé ilé tó ti sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Àbí kí ló tún ṣẹlẹ̀? Ọyẹ́ gba Blandine lọ́fun. Ọyẹ́ ń gba gbogbo ayé lọ́fun ní oṣù yẹn, àní olórin Mísà pàápàá ń kọrin bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Ṣùgbọ́n Blandine la ẹnu láti bú Martine, afẹ́fẹ́ nìkan ló jáde. Ọkọ wọn fúnra rẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ìkòkò, ó sì mú epo tó dára wá.

Láti ọjọ́ náà, oko Euphrasie kò sinmi. Epo ń ti ibí wá, epo ń ti ọ̀hún wá. Ó kígbe, ó lé wọn, ó búra.

"Ìkòkò lásán ni, ẹ̀yin èèyàn yìí! Amọ̀ ni!"

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń pa á mọ́," wọ́n á máa sọ fún ara wọn. "Èyí tó lágbára gan-an ni kì í fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun."

Nígbà tó di pé ewé tòmátì ń rọ ní ìlà méjì gbáko, Euphrasie lọ jókòó sídìí àtẹ Àmínátù, ó sì fọwọ́ lẹ́rán.

"Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ti pa mí. Mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n ní ó wà."

Àmínátù ń to àlùbọ́sà, kò gbójú sókè. "Ìwọ náà ló ń bá wọn jiyàn. Ẹni tó ti rí òrìṣà fúnra rẹ̀, o fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Jẹ́ kó wà. Ohun tó ń mu ni kó o sọ fún wọn."

"Kí ló ń mu?"

"Èmi ni kó o máa bi? Kí ni ìkòkò ń mu?" Ó wá rántí ara rẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o. Mùsùlùmí ni mí."

Euphrasie ronú sí i délé. Kò fẹ́ purọ́. Pákì, ọdún Àjíǹde, ti ń sún mọ́lé, yóò sì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ níwájú Mọ̀npẹ́ẹ̀, àlùfáà òyìnbó tí etí rẹ̀ mú ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé òtítọ́ náà tó ó lò.

Ẹni tó kọ́kọ́ wá lọ́jọ́ kejì ni Nicolas, àgbà ọkùnrin kan tí ẹ̀yìn ń dùn. Bó ṣe ń ṣí ìgò epo ni Euphrasie pariwo lé e lórí.

"Bàbá, ẹ dúró! Epo kọ́! Bí epo bá kàn án, ó parí!"

Ìgò fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Nicolas. "Ha! Èèwọ̀ rẹ̀ ni?"

"Kì í bá a lára mu rárá."

"Ọtí ńkọ́?"

"Kò mọ̀ ọ́n mu."

"Mo ní àkùkọ kan nílé."

"Kí ló fẹ́ fi àkùkọ ṣe, Bàbá? Ṣé ó ní eyín ni?"

Nicolas gbọn orí tìyanu-tìyanu. Kò tíì rí òrìṣà tó ń rántí àpò èèyàn báyìí rí. "Kí ló wá ń gbà?"

"Omi. Omi tó tutù, tó mọ́. Kó kún akèrègbè."

"Ẹ jọ̀wọ́, kí ni orúkọ rẹ̀?"

"Ìkòkò," ni Euphrasie wí.

Nicolas sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìkòkò o! Ìkòkò o!"

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Nítorí pé ọ̀ràn ara ẹni ni kálukú ń gbé wá, kò sí ẹni tó fẹ́ rán ìyàwó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Dassa ṣe rí ohun tí kò rí rí, àwọn baálé ilé tí wọ́n to sídìí kànga, tí wọ́n ru akèrègbè lórí, tí omi ń ṣàn wọ̀ wọ́n lọ́rùn, tí wọ́n ń bi ìyàwó oníyàwó bí wọ́n ṣe ń ká òṣùká. Euphrasie hú àwọn ìkòkò tó ti jẹ epo kúrò, ó ri tuntun síbẹ̀. Bí ẹnì kan bá dé, á kàn nawọ́ sí ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ. "Èyí ló kù tí ń retí yín." Òtítọ́ ni. Tòmátì gbé orí sókè, ó yọ òdòdó, ó so.

Ọ̀rọ̀ náà wá dé etí Évariste.

Évariste ni àbúrò Ignace, òun ló sì ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi ní ẹ̀kọ́ Ìjọ Àgùdà. Ó ní kẹ̀kẹ́, ó ní gàlègàlè, ó sì fẹ́ràn ṣúgà oníhóró tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé eyín rẹ̀ kan ti ń jẹrà láti ọjọ́ pípẹ́. Ó gbé kẹ̀kẹ́ dúró létí oko, ó fa ọkọ́ yọ.

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi," ni Euphrasie kí i, nítorí àbúrò ọkọ, ọkọ ni.

"Má pè mí ní ọkọ rẹ! Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, obìnrin tó ti gba ìrìbọmi, ló ń sin ère!"

"Ère dà, ọkọ mi? Ìkòkò ni."

"Mo ti gbọ́! Ìkòkò ni gbogbo ìlú ń pè é! Fetí sílẹ̀ dáadáa. Màá fọ́ gbogbo rẹ̀. Èyí lónìí, ìyókù lẹ́yìn Mísà ọ̀la, níwájú gbogbo ìjọ. Bí Pákì bá sì dé, o ò ní bá wọn gba Ara Olúwa."

Ó gbé ọkọ́ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ìkòkò fọ́ pòó. Omi tú jáde, ilẹ̀ gbé e mì, gbòǹgbò funfun sì wà níta bí irun arúgbó. Àwọn tó gbé omi wá ju akèrègbè sílẹ̀, wọ́n sá. Euphrasie kò sá. Ó kúnlẹ̀ ti tòmátì náà, ó ń kó iyẹ̀pẹ̀ bo gbòǹgbò rẹ̀. Gbogbo oúnjẹ rẹ̀ títí di ìgbà òjò ló wà nínú oko yìí, ọkọ́ ẹyọ kan ló sì lè parí rẹ̀ kí oòrùn ọ̀la tó wọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Mísà parí, ìjọ dúró de Évariste. Évariste kò wá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú bí àgbọn, ojú kan ti pa dé. Gbogbo Dassa ló mọ̀ nípa eyín náà, Évariste ti ń dárò rẹ̀ fún ẹni gbogbo láti ìgbà àwọn Faransé. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, kò sí ẹnì kan nínú ìlú tó rántí eyín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, Euphrasie gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́. Évariste ló ń bọ̀, ó fi gèlè ìyàwó rẹ̀ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ orí, ó sì so bídọ̀, agolo omi ńlá kan, mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́.

"Mo kan ní kí n wá san omi tí mo dà nù lọ́jọ́ sí," ó sọ ọ́ láti igun ẹnu.

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi."

Ó dúró. Ó wo ìlà àwọn ìkòkò. "Èwo... èwo ló nílò rẹ̀ jù?"

Euphrasie wo oko. Ìlà kan wà lọ́hùn-ún, lábẹ́ òkúta, níbi tó jìn, tí àwọn tó ń wá kì í fẹ́ rìn dé. Omi ti tán níbẹ̀. "Èyí tó wà lọ́hùn-ún yẹn ni."

Évariste gbé bídọ̀ lọ, ó ń mí helehele. Ó rọ omi sí i títí ó fi kún.

"Ṣé èèyàn máa ń sọ nǹkan?" ó bèèrè, kò wo ojú rẹ̀.

"Ohun tó bá wù yín. Kò ní etí."

Ó tẹ̀ ba, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sínú ìkòkò. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, Euphrasie ń já èpò, kò gbójú sókè.

"Ọkọ mi, ẹ lọ sí dìsípáńsà láàárọ̀ ọ̀la, kí wọ́n yọ eyín yẹn."

"Ṣé òun ló ní kí n lọ?" Évariste bèèrè kíákíá.

"Èmi ni mo ní kí ẹ lọ. Ọ̀ràn Pákì mi ńkọ́?"

"Pákì wo?"

"Ẹ ní mi ò ní bá wọn gba Ara Olúwa."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Évariste fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. "Àwọn èèyàn á kàn máa sọ kiri!"

Wọ́n yọ eyín náà lọ́jọ́ kejì. Évariste sọ fún gbogbo ọjà pé nọ́ọ̀sì ló wo òun sàn, ìmọ̀ ìṣègùn ni, kò sí ohun mìíràn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti tún gun kẹ̀kẹ́ dé etí oko. Euphrasie àti Àmínátù ń ká tòmátì pupa sínú apẹ̀rẹ̀, Àmínátù sì yára fi apẹ̀rẹ̀ bojú kí ẹ̀rín má bàa yọ.

"Eyín kejì," ni Évariste wí, ó ń tú okùn bídọ̀. "Ó ti fẹ́ máa dùn mí."