Tíṣà Olúbọ̀dé àti Abíyá Ọkùnrin Mẹ́jọ

Bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Tíṣà Olúbọ̀dé ní Kàbbà lónìí, kí ẹ tó sọ pé ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì, wọ́n á ti máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ọ̀wẹ̀ ni wọ́n rántí. Ó bẹ ọkùnrin mẹ́jọ lọ́wẹ̀ pé kí wọ́n wá bá òun kọ ebè iṣu, wọ́n sì gbà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Tíṣà ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn pẹ̀lú rólọ́ọ̀n méjì lápò, ó ń ní kí olúkúlùkù gbé apá sókè.

Nígbà tó dé ilé Isaiah, ìyàwó Isaiah rò pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ni. Ó kó ọmọ mẹ́ta jáde, ó tò wọ́n sẹ́yìn bàbá wọn.

"Tíṣà, kí lẹ ń fi ra mí lára?" Isaiah bi í.

"Nǹkan abíyá ni. Má mira, jẹ́ kó gbẹ."

"Ebè lẹ pè mí sí, ẹ ò pè mí síbi ìgbéyàwó."

Tíṣà kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ó gba ilé ẹni tó kàn lọ.

Tabitha, ọmọ ọmọ Tíṣà, ló fa gbogbo èyí. Ọmọ náà ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n sì rán an wá sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú wa kó wá fi kíláàsì dánra wò. Ṣùgbọ́n Tabitha máa ń làágùn, kì í sì í ṣe kékeré. Bó bá gbọ́wọ́ sókè láti kọ̀wé sára pátákó, aṣọ rẹ̀ á ti tutù láti abíyá dé ìhà, àwọn ọmọ kíláàsì á sì máa fẹsẹ̀ gbá ara wọn lábẹ́ tábìlì. Ló bá so apá mọ́ra. Ìsàlẹ̀ pátákó nìkan ló ń kọ̀wé sí, àwọn tó jókòó lẹ́yìn kò sì rí nǹkan kan kà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí olùkọ́ rẹ̀ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì wá wò ó ló wálé, tó ní òun ò lọ mọ́.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n lọ kọ́ aṣọ rírán," ló wí. "Orí ìjókòó ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn."

Ó dun Tíṣà wọra. Òun ló kọ́ ọmọ yìí ní ABD, ó sì mọ̀ pé iṣẹ́ olùkọ́ ló yẹ ẹ́. Kò bá a jiyàn. Ó dé fìlà, ó gba ṣọ́ọ̀bù Delight lọ, ọmọbìnrin tó ń ta ọṣẹ àti ìpara nítòsí ọjà.

"Okun, Bàbá," ni Delight kí i. "Èwo nínú rólọ́ọ̀n lẹ fẹ́? Èyí ń pa òórùn. Èyí ń dá òógùn dúró."

"Èyí tó ń pa òórùn, ṣé kì í dá òógùn dúró?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ máa làágùn, kò kàn ní rùn ni."

"Èyí tó ń dá òógùn dúró ńkọ́? Níbo ni òógùn náà ń gbà lọ?"

Delight ti ń ta á fún ọdún mẹ́rin, ẹnikẹ́ni ò bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni pé kí wọ́n máa fi ra abíyá tó gbẹ ní ìrọ̀lẹ́.

"Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kọ́ ni mo bi ọ́," ni Tíṣà wí. "Ta ló ti dán an wò lóko?"

Báyìí ni ọ̀wẹ̀ ṣe dé. Ó fi apòórùn ra ọkùnrin mẹ́rin, ó fi adógùndúró ra mẹ́rin yòókù. Ohun tó gbàgbé ni láti sọ ọ́ fún Màmá Adétutù, ìyàwó rẹ̀, tó ń pín oúnjẹ lóko. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fẹnu sọ pé a ṣiṣẹ́ níbi ọ̀wẹ̀. Aṣọ ẹni ni yóò sọ ọ́.

"Isaiah, abíyá rẹ gbẹ," ni Màmá wí, ó sì bu egungun ọrùn adìẹ fún un.

"Màmá, ọgọ́ta ebè ni mo kọ."

"Àwọn tó kọ ebè nìyẹn, wo aṣọ wọn."

"Tíṣà, ẹ bá mi dá sí i."

Tíṣà kò gbórí sókè. Ìwé ló ń kọ, a sì kà á lẹ́yìn náà: *Isaiah. Ó gbẹ. Ó ń ráhùn.*

Òun fúnra rẹ̀ ló gbóòórùn abíyá ọkùnrin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Màmá ní òun ò bá a dá sí i, nítorí kò sí nínú ohun tí òun jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n wá là á yé e, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gbé odidi itan adìẹ fún Isaiah.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Tíṣà gbé ìwé àti adógùndúró síwájú Tabitha.

"Kò sí èyí tó rùn nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n òórùn kọ́ ni wàhálà tìrẹ. Èyí ni kí o mú. Bó bá lè mú Isaiah gbẹ lóko, á mú ọ gbẹ ní kíláàsì."

"Bí kò bá wá mú mi gbẹ ńkọ́, Bàbá?"

"Wàá làágùn, wàá sì kọ́ni. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀."

Tabitha padà lọ. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì dé, Tíṣà lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó ń ṣe bí ẹni tó ń kọjá lọ, fún ogójì ìṣẹ́jú. Orí pátákó lókè pátápátá ni Tabitha kọ àkòrí ẹ̀kọ́ sí.

"Bàbá, ṣé abíyá mi gbẹ?" ló bi í nígbà tí wọ́n ń lọ sílé.

"Mi ò wo ibẹ̀," ni Tíṣà wí. "Ẹ̀kọ́ ni mo ń gbọ́."

Ọkùnrin tó ti gbóòórùn abíyá ọkùnrin mẹ́jọ nítorí ọmọ yìí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí irọ́ tó dùn mọ́ wa nínú tó èyí.

Tíṣà kú ní ọ̀gìnnìtìn tó kọjá, nínú oorun, ó sì dùn wá gan-an. Tabitha ti di olùkọ́ gidi báyìí. Nínú oṣù kẹta ọdún yìí, nígbà tí ooru mú débi pé rólọ́ọ̀n kankan ò lè ràn án lọ́wọ́, òógùn ya gba inú aṣọ rẹ̀ jáde níwájú kíláàsì. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó wo abíyá rẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń kọ̀wé lọ lókè pátákó. Nígbà tó béèrè ìbéèrè, Rejoice, ọmọbìnrin kan tó máa ń so apá mọ́ra lẹ́yìn kíláàsì, tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé, na ọwọ́ sókè. Aṣọ tirẹ̀ náà tutù dé ìhà. Kò sọ ọwọ́ náà kalẹ̀ títí Tabitha fi pe orúkọ rẹ̀.

Ìdáhùn rẹ̀ kò tọ̀nà rárá, gbogbo kíláàsì sì gbọ́ ọ ketekete.